Kí Ìjì Tó Tún Jà: Èrò Mi Lórí Ilé Ìkẹ́rùsí Wa àti Owó Adójútòfò

  

Ní ìpàdé gbogbogbò tí a ṣe kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ tí a kò rí parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ náà ni pé ṣé kí ẹgbẹ́ yọ nínú owó àpò wa láti fi san inṣọ́ránsì tó máa bo ọjà wa lọ́wọ́ ìjì nínú ilé ìkẹ́rùsí ẹ̀yìn ọjà, àbí kí a fi owó náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn kan ní kí a san án. Àwọn kan fárígá, wọ́n ní owó tó bá ti wọ ọwọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò, ó dàgbéré nìyẹn. Ìyálọ́jà wa ní kí kálukú lọ rò ó wò, kí a tún padà jókòó kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Èmi kò rí ààyè sọ tèmi lọ́jọ́ náà, nítorí ọwọ́ tó nà sókè pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ olóòtú ìwé ìròyìn wa pé kó fún mi ní ojú ewé kan.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn: ó yẹ kí a san án. Ṣùgbọ́n bí a bá máa san án bí a ṣe ń sanwó tẹ́lẹ̀, kí a má wulẹ̀ san án rárá. Ẹ jẹ́ kí n là á.

OHUN TÓ ṢE MÍ

Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi o, ojú mi ló ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, èmi àti àwọn mẹ́ta kan jọ háyà ilé ìkẹ́rùsí kan. Àpò ẹ̀lùbọ́ tèmi nìkan níbẹ̀ lé ní 60, ẹ̀wà wà níbẹ̀, iyọ̀ náà wà níbẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run apá ìlà-oòrùn dúdú bí aró. Ẹ mọ irú ìjì àkọ́rọ̀ yẹn. Apá ìlà-oòrùn ló ti máa ń bọ̀. Eruku á kọ́kọ́ dé, afẹ́fẹ́ á tẹ̀lé e, òjò á wá gbẹ̀yìn. Kò pé 20 ìṣẹ́jú tó fi jà tán. Ṣùgbọ́n kí n tó sáré láti ìsọ̀ mi dé ọ̀hún, páànù apá kan ilé náà ti ká kò bí ewé, òmíràn ti fò sọdá títì. Òjò tó tẹ̀lé e kò dá títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ẹ̀lùbọ́ mọ̀ pé èyí tí omi bá ti wọ̀ nínú rẹ̀, ó parí. Ó máa ń hu ẹ̀bu ni. Iyọ̀ yọ́, ẹ̀wà hù.

Mo sunkún tẹ́rùn, kí n tó rántí pé mo ní inṣọ́ránsì. Ilé ìfowópamọ́ tó yá mi lówó ló fi í ṣe dandan kí wọ́n tó fún mi ní kọ́bọ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo gbé ìwé mi, mo lọ bá wọn. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn kò bú mi, kò sì jágbe mọ́ mi. Ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka tọ́ ọ fún mi: iná, mànàmáná, àti irú ìbúgbàmù kan. Ó ní, "Màmá, ìjì kò sí níbẹ̀." Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń sanwó, ìjì kò sí níbẹ̀.

Mo bínú sí wọn pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀, mo bi ara mi léèrè pé ta ló ka ìwé náà fún mi rí? Kò sẹ́ni tó kà á fún mi, èmi náà kò sì bèèrè. Ẹni tó tà á fún mi jẹ̀bi, torí ó yẹ kó là á yé mi. Èmi náà jẹ̀bi. N kò lè ra àpò gàrí kan kí n má tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí n má tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n mo ra ìwé tó yẹ kó dáàbò bo gbogbo ọjà mi, n kò ṣí i wò. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Fùrọ̀ tèmi ni wọ́n rí lọ́jọ́ yẹn.

ÌWÉ INÁ KÌ Í ṢE ÌWÉ ÌJÌ

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí a mú dání nìyí. Ìwé inṣọ́ránsì iná lásán kì í bo ìjì. Bí a bá fẹ́ kí ó bo ìjì, ìkún-omi, páìpù omi tó bẹ́, rògbòdìyàn ìgboro, tàbí ọkọ̀ tó ya kọlu ilé, a gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n fi kún un, kí a sì sanwó rẹ̀. Orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè é ni special perils. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa mọ orúkọ yẹn lórí, bí a ṣe mọ orúkọ oníbàárà wa. Ẹni tó bá wá ta inṣọ́ránsì fún yín, ẹ bi í pé, "Ṣé special perils wà nínú ẹ̀? Fi ibi tí wọ́n kọ ìjì sí hàn mí." Bí kò bá rí i fi hàn, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, kó máa lọ.

Bí ìjì bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, ó ní bó ṣe wà. Òjò tó bá gba ojú ihò páànù àtijọ́ wọlé, wọn kì í san án. Ìjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí òrùlé tàbí kó fọ́ ògiri tàbí fèrèsé, kí òjò tó gba ibẹ̀ wọlé. Ọjà tí a kó sí ìta gbangba lábẹ́ tapólì, ìwé tó pọ̀ kì í bò ó. Igi àjà tí ikán ti jẹ tán, wọ́n á ní ọjọ́ ogbó ló pa á, kì í ṣe ìjì. Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ owó òfò, kí a gbójú wo òrùlé wa náà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: etí òrùlé àti igun rẹ̀ ni ìjì máa ń kọ́kọ́ fà tu. Bí ilẹ̀kùn ńlá bá ṣí sílẹ̀ nígbà tí ìjì ń jà, afẹ́fẹ́ á wọlé, á máa ti òrùlé láti ìsàlẹ̀, èyí tó wà lókè á sì máa fà á. Méjèèjì pa pọ̀ ló ń gbé e lọ. Kí a ti ilẹ̀kùn nígbà tí ojú ọ̀run bá ti ṣú, kò ná wa ní kọ́bọ̀.

ẸJỌ́ ÀWỌN TÓ NÍ KÍ A MÁ SAN ÁN

Mo gbọ́ ẹjọ́ wọn dáadáa, n kò sì kà wọ́n sí òpè. Ẹjọ́ mẹ́ta ni wọ́n rò.

Èkíní, wọ́n ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kì í sanwó. Òótọ́ ni pé àwọn kan máa ń fi òní dọ́la, títí tí bàtà èèyàn á fi jẹ tán lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n òfin kò gbè wọ́n. Òfin inṣọ́ránsì ti ọdún 2003 fún wọn ní 90 ọjọ́ tí a bá ti kọ̀wé òfò sí wọn: bí wọ́n bá gbà pé àwọn jẹ wá, kí wọ́n san án, bí wọn ò bá gbà, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé fún wa. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò ti 2003 náà, ọ̀kan nínú ohun tí ìjọba sì ní àwọn tìtorí rẹ̀ ṣe é ni kí ìdádúró owó òfò lè dópin. Àjọ kan sì wà tó ń mójú tó wọn, NAICOM lorúkọ rẹ̀, òfin ọdún 1997 ló dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti lè mọ ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ àti èyí tí kò ní. Ibẹ̀ náà ni a lè fẹjọ́ sùn sí. Ẹjọ́ mélòó ni àwa nínú ọjà yìí ti kọ̀wé fi sùn rí? Ojúbodè ọjà la ti máa ń rojọ́ tiwa, a kì í kọ ọ́ sínú ìwé.

Èkejì, wọ́n ní kí a fi owó náà sínú àpò ẹgbẹ́, kí a máa fi ran ẹni tí òfò bá ṣẹ̀ lọ́wọ́. Èrò rere ni, kí a má sì pa á tì. Bí páànù méjì bá ṣí lórí ìsọ̀ ẹnì kan, àpò ẹgbẹ́ tó o. Ṣùgbọ́n ìjì kì í mú ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé ìkẹ́rùsí. Bí òrùlé yẹn bá lọ, ọjà gbogbo wa tó wà níbẹ̀ ló lọ lọ́jọ́ kan náà. Àwa tí à ń dáwó sínú àpò la tún máa wá jẹ́ ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́. Ta ni yóò wá ran ta? Ohun tí inṣọ́ránsì fi yàtọ̀ nìyẹn. Ó dà bí èsúsú tí àwọn ará Kánò, ará Èkó àti ará Pọ́tákọ́ọ̀tù jọ ń dá pẹ̀lú wa. Ìjì tó jà níhìn-ín lónìí kò jà lọ́dọ̀ wọn. Owó tiwọn ló máa gbé wa dìde, tiwa náà á gbé wọn dìde lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní Ọlọ́run ni adójútòfò wa. Àmín, àṣẹ. Èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé Ọlọ́run ń ṣọ́ wa fi ìsọ̀ sílẹ̀ láìtì ilẹ̀kùn. Àwọn ìyá wa Mùsùlùmí tí ọ̀rọ̀ èlé ń kọ lóminú, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé irú èyí tí wọ́n ń pè ní takaful wà, tó tẹ̀lé ìlànà ẹ̀sìn. NAICOM ti gbé ìlànà rẹ̀ jáde láti ọdún 2013. Ẹni tó bá wù, kó bèèrè rẹ̀.

OHUN TÓ Ń BA OWÓ ÒFÒ WA JẸ́

Níbi tí mo bá àwọn tó ń jiyàn jà sí nìyí: bí wọn ò bá san owó wa, ẹ̀bi kan máa ń wà lọ́wọ́ tiwa náà. Ẹ má bínú sí mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa.

Àkọ́kọ́ ni owó tí a kò tíì san. Nínú òfin, bí owó kò bá tíì wọlé, ààbò kò tíì sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013 ni NAICOM ti fọwọ́ líle mú un. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, màá san án lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀" kò sí níbẹ̀ o. Ìjì tó bá jà lọ́la, tí o bá san owó ní ọ̀túnla, ọwọ́ ara rẹ lo ó fi tún ilé rẹ ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tí ìwé máa parí. Kí a mọ ọjọ́ náà bí a ṣe mọ ọjọ́ ìsìnkú òbí wa.

Èkejì ni pípe ọjà ní kékeré kí owó tí a máa san lè kéré. Èyí ló ń pa wá jù. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Bí ọjà yín bá tó ₦10,000,000, tí ẹ pè é ní ₦5,000,000 nínú ìwé, ìlàjì ọjà lẹ dáàbò bò. Bí ìjì bá wá ba ₦4,000,000 jẹ́, wọn kò ní san ₦4,000,000. ₦2,000,000 ni wọ́n máa san, ìyẹn ìlàjì. Wọ́n á tún yọ díẹ̀ tí ìwé àdéhùn sọ pé ti oníǹkan ni. Ìyá aláṣọ kan tí mo mọ̀ dáadáa, bó ṣe ṣe é nìyẹn. Ó ní wọ́n jí òun lówó. Wọn ò jí i. Òun ló pe ọjà rẹ̀ ní ìlàjì. Ẹ wá wò ó láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní ọdún 2023. Iye tí a fi ń ra àpò kan tẹ́lẹ̀, ṣé ó tó ra ìdajì rẹ̀ báyìí? Ẹni tó bá ṣì ń lo iye tó kọ sínú ìwé ní ọdún 2020, ó ti wà nínú ewu yìí láìmọ̀. Ọdọọdún la gbọ́dọ̀ tún iye náà kọ. Kí a sì rántí pé iye tí a fi ra ọjà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye tí a fẹ́ tà á. Èrè tí a kò tíì jẹ kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọjà ọlọ́jà. Ọ̀pọ̀ wa ló ń tọ́jú ọjà tí wọ́n gbà ní àwìn, tàbí èyí tí ẹlòmíràn gbé sí wa lọ́wọ́ pé ká bá òun pa mọ́. Bí a kò bá sọ ọ́ nínú ìwé pé ọjà àwọn ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ wa, wọ́n lè ní kì í ṣe tiwa, kí wọ́n má san án. Ẹni tó gbé e sí wa lọ́wọ́ kò sì ní gbọ́ ìyẹn. Owó rẹ̀ ni yóò máa bèèrè.

Ẹ̀kẹrin ni àìní àkọsílẹ̀. Orí ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣe ìwé. Orí dára, ṣùgbọ́n orí kì í lọ sí ọ́fíìsì lọ jẹ́rìí. Rìsíìtì, ìwé ọkọ̀ tó gbé ọjà wá, ìwé báǹkì, àti ìwé kékeré kan tí a ń kọ iye àpò tó wọlé àti èyí tó jáde sí: àwọn ni ẹ̀rí. Kí ìwé yìí má sì máa gbé inú ilé ìkẹ́rùsí! Ìjì tó gbé ọjà lọ á gbé ìwé lọ pẹ̀lú. Ilé ni kó máa gbé. Bí ẹ bá ní fóònù tó ń ya fọ́tò, ẹ ya ọjà yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín kan kó bá yín tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, èyí ló sì ń dùn mí jù, ni irọ́. Ìjì ba àpò mẹ́wàá jẹ́, a ní ó jẹ́ ogún. A ní "wọ́n á ṣáà gé e, ẹ jẹ́ ká fi kún un." Ẹ gbọ́ mi o: irọ́ kan lè ba gbogbo owó náà jẹ́, títí kan àpò mẹ́wàá tó jẹ́ òótọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan lẹ́bàá ibi tí mo ń gbé kọ iye bélì aṣọ tó wù ú sínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó wá yẹ òfò wò fa téèpù jáde, ó wọn yàrá náà, ó ní bí wọ́n bá to aṣọ náà kan àjà, yàrá yìí kò lè gbà á. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwọn tó sọ òótọ́ tó jọ ń lo ilé náà pẹ̀lú rẹ̀, ìwádìí tiwọn náà wá di èyí tí wọ́n ń fi ojú òwò wò. Ẹnì kan ló jẹ gbì, ojú gbogbo wọn ló tì.

BÍ ÌJÌ BÁ JÀ, KÍ NI KÁ ṢE?

Lẹ́yìn òfò tèmi, mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nìyí, tí mo sì ti lò fún ẹlòmíràn tó sì jẹ́.

Ní ọjọ́ náà gan-an, kí a pe ilé iṣẹ́ náà tàbí bróókà wa, lẹ́yìn náà kí a kọ lẹ́tà tẹ̀lé e. Ìpè lórí fóònù kò tó, ìwé ló ń dúró. Kí a ya fọ́tò ohun gbogbo kí a tó fọwọ́ kàn án: òrùlé láti ìta, ibi tí ó ti ṣí láti inú, ọjà tó bàjẹ́, àti páànù tó bọ́ síta.

Kí a fi tapólì bo ibi tó ṣí, kí a kó ọjà tí omi kò tíì dé kúrò. Wọ́n fẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá jókòó tí a ń wo òjò ọjọ́ kejì bó ṣe ń ba èyí tó kù jẹ́, wọ́n á ní àfọwọ́fà ni. Kí a tọ́jú rìsíìtì tapólì náà. Ṣùgbọ́n kí a má tíì kan òrùlé tuntun, kí a má sì da ọjà tó bàjẹ́ nù kí wọ́n tó wá wò ó. Páànù tó ká kò, ìṣó tó fà tu, igi tó ṣẹ́, ẹ̀rí ni gbogbo wọn. Bí ọjà jíjẹ bá ń rùn, tí ó di dandan kí a kó o kúrò, kí a kọ lẹ́tà sọ fún wọn ṣáájú, kí a ya á, kí a kà á lójú ẹlẹ́rìí. Ẹ̀lùbọ́ tó hu ẹ̀bu, kí ẹnikẹ́ni má sá a gbẹ kó tún gbé e padà sórí igbá o. Ọmọ ẹni lè rà á jẹ.

Wọ́n á rán ẹni tó ń díwọ̀n òfò wá, tí wọ́n ń pè ní loss adjuster. Kí a gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí a dá a lóhùn ohun tó bèèrè, kí a sì ní ẹ̀dà ohunkóhun tí a bá fún un. Bí wọ́n bá ní kò sí ìjì lọ́jọ́ náà, àjọ NiMet tó ń wo ojú ọjọ́ wà. Kí bróókà wa bá wa kọ̀wé sí wọn fún àkọsílẹ̀ afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn ilé mìíràn tí ìjì náà ṣí ládùúgbò, ẹ ya fọ́tò tiwọn náà.

Bí owó bá wá dé, wọ́n á gbé ìwé kan tí wọ́n ń pè ní discharge voucher wá fún wa pé ká fọwọ́ sí i. Ẹ rọra o. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó yìí parí gbogbo ọ̀rọ̀, tí a sì fọwọ́ sí i, ó ṣòro ká tún padà lọ bèèrè èyí tó kù. Bí iye náà kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, kí a sọ ọ́ nínú ìwé kí a tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Mo mọ̀ pé ebi ń pani nígbà tí ọjà bá ti lọ, ọwọ́ á sì máa yá láti gba èyí tó bá wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àpò ẹgbẹ́ wà pẹ̀lú inṣọ́ránsì. Àpò ẹgbẹ́ ni ẹni tí òfò ṣẹ̀ á máa fi jẹun, kó má bàa fi ìkánjú ta ẹ̀tọ́ rẹ̀.

TA LÓ NI ILÉ?

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò sọ ní ìpàdé. Ilé yàtọ̀ sí ọjà tó wà nínú rẹ̀. Inṣọ́ránsì tiwa, ọjà ló máa bò. Òrùlé àti ògiri, ti onílé ni. Òfin 2003 yẹn ti pàṣẹ pé kí ilé tí ayálégbé ń lò, tàbí tí èrò ń wọ̀ láti ṣòwò, ní inṣọ́ránsì lórí wíwó, iná, ìmìtìtì ilẹ̀, ìjì àti ìkún-omi, kí ó sì lè gbèjà ẹni tí ilé náà bá pa lára tàbí tó ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Òfin 2025 kò sì yọ inṣọ́ránsì tipátipá kúrò. Ọdọọdún là ń san owó ilé fún onílé wa. Ta ló ti bi í rí pé, "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ìwé inṣọ́ránsì ilé yìí dà?" Kí a bi í. Kì í ṣe ìjà. Ẹ̀tọ́ wa ni.

OHUN TÍ MO GBÉ WÁ

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí a fẹnu kò lé lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀ kò ju márùn-ún lọ. Kí ẹgbẹ́ gba bróókà kan tó ní ìwé àṣẹ, kó wá ka ìwé àdéhùn fún wa ní èdè Yorùbá ní gbangba kí a tó sanwó, kí special perils sì wà nínú rẹ̀. Kí olúkúlùkù kọ iye ọjà rẹ̀ gidi, kí a sì tún un kọ lọ́dọọdún. Kí a yan ènìyàn mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó mọ̀wé dáadáa, tí wọ́n á máa tọ́jú ìwé, tí wọ́n á sì máa bá ilé iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ bí òfò bá ṣẹlẹ̀. Kí a kọ̀wé sí onílé lórí òrùlé àti inṣọ́ránsì ilé rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, kí a fi í ṣe òfin ẹgbẹ́ pé ẹni tó bá parọ́ sí iye òfò rẹ̀, ẹgbẹ́ kò ní gbè é.

Ojú kì í ti àgbà kó má mọ ohun tó ṣe é lánàá. Mo ti sọ ohun tó ṣe mí. Gbèsè tí mo jẹ lọ́dún 2019, ọdún mẹ́ta ni mo fi san án, àpò kan lẹ́yìn òmíràn, ọmọ mi obìnrin sì fi ọdún kan jókòó sílé kó tó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò sí nínú ìwé ló fa gbogbo rẹ̀. N kò fẹ́ kí ó ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín.

Òjò àkọ́rọ̀ kò ní pẹ́ dé. Ẹ wá sí ìpàdé o, ẹ má rán ọmọ wá. Kí ẹ sì mú ìwé inṣọ́ránsì yòówù tí ẹ bá ní lọ́wọ́ dání, kí a jọ ṣí i, kí a jọ wá ibi tí wọ́n kọ ìjì sí.

Ọjà á tà o. Àdánù kò ní jẹ́ tiwa.